Afẹ́fẹ́ Ló Ni Ọjọ́ Lójú Omi Tortola

Ní Tortola, bí ẹ bá bi atukọ̀ pé aago mélòó lẹ máa dé erékùṣù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, kò ní wo aago ọwọ́ rẹ̀. Á gbójú sókè wo ọ̀run, á wo bí omi ṣe ń rú, á wá ní, "Ẹ máa débẹ̀." Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kápútéènì wa sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti ń bí mi nínú díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ti ń pín oògùn fún aláìsàn ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kì í fẹ́ràn ẹni tí kò lè dá àkókò fúnni.

Àwọn ìbejì wa ló sanwó ìrìn àjò náà. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti gbọ́njú, àwa òbí àwọn kò tíì lo ìsinmi kankan fún ara wa. Gbogbo lííìfù tá a bá gbà, Nàìjíríà là ń fi lọ, bí kò bá ṣe òkú la fẹ́ sin, ìyàwó la fẹ́ gbé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá wọn, ọmọ Ìbàdàn tí kò bá omi ṣe ju kó wẹ̀ lọ, kọ́kọ́ ní kí wọ́n kúkú kó owó náà fún òun lọ́wọ́. Èmi ò bá wọn jiyàn rárá. Ẹ̀bùté Mẹ́tta ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ń wo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun rán ìgbòkun fún bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú ọ̀sà. Láti kékeré ló ti ń yà mí lẹ́nu: kí ló ń gbé wọn lọ síbi tí afẹ́fẹ́ kò kọjú sí?

Virgin Islands tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la lọ, ní òkun Caribbean, ní ìlà-oòrùn Puerto Rico. Columbus ló fún wọn lórúkọ nígbà tó gba ibẹ̀ kọjá ní 1493. Erékùṣù tó rí pọ̀ lójú rẹ̀, ló bá fi sọrí Ursula Mímọ́ àti ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá wúńdíá inú ìtàn àwọn Kátólíìkì. Wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àtèyí tó tóbi àtèyí tí kò ju àpáta lọ, nǹkan bí 60 ni gbogbo wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní olùgbé. Iye èèyàn gbogbo ibẹ̀ lé ní 30,000. Abẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, àmọ́ dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná, ọkọ mi ò sì yé sọ ọ̀rọ̀ yẹn títí a fi padà sílé.

Ohun tó sọ ibẹ̀ di ilé àwọn tó ń gbafẹ́ lójú omi kò ju bí Ọlọ́run ṣe to ilẹ̀ náà lọ. Tortola, tó tóbi jù, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Road Town, nà gbọọrọ sí àríwá. Ní gúúsù, Norman, Peter, Salt, Cooper àti Ginger tò tẹ̀ lé ara wọn. Virgin Gorda wá dúró sí ìlà-oòrùn. Omi tó wà láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní Sir Francis Drake Channel, nítorí pé Drake, atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, kó ọkọ̀ ogun gba ibẹ̀ ní 1595 nígbà tó ń lọ bá àwọn ará Spain jà ní San Juan, ní Puerto Rico. Àwọn erékùṣù gúúsù yẹn ló ń gba ìgbì ńlá sára. Afẹ́fẹ́ lè fò wọ́n kọjá, ìgbì kò lè fò wọ́n. Ọkọ̀ á wá rí afẹ́fẹ́ tó tó o, omi ò sì ní máa gbé e sókè sọ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí erékùṣù tí ẹ máa wà tí ẹ kò ní máa fojú rí òmíràn. Ẹni tí kò mọ ìràwọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn lè tukọ̀ níbẹ̀ kó má ṣìnà.

Ní 1969, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Charlie àti Ginny Cary, dá ilé-iṣẹ́ The Moorings sílẹ̀ ní Road Town, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ onígbòkun háyà fún àwọn tó wá gbafẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ti tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá mọ ọkọ̀ tù, tí ẹ sì lè fi hàn pé ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, wọ́n á yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó háyà kápútéènì mọ́ ọn. Àwa háyà kápútéènì. Ọmọ Tortola ni, àgbàlagbà tó rọra ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ onígbòkun kó màlúù àti èédú lọ tà ní erékùṣù St. Thomas nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń wá gbafẹ́ níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn fi ń wá oúnjẹ. Mo rò pé ó ń yà á lẹ́nu pé a sanwó kí ó lè gbé wa lọ síbi tí a kò ti fẹ́ rà tí a kò sì fẹ́ tà.

Ọkọ̀ wa jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní kàtámáráánì. Ikùn méjì ló ní, wọ́n wá tẹ́ pèpéle kan lé méjèèjì lórí. Ọkọ̀ oníkùn kan máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí afẹ́fẹ́ bá ti gbá ìgbòkun rẹ̀ mú. Oníkùn méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ fì. Bàbá Ìbejì gbé ife tíì rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án, òun ń dán ọkọ̀ wò. Tíì náà kò dà. Yàrá wà nínú ikùn méjèèjì, ilé ìdáná wà láàárín, omi òkun ni wọ́n sì fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ni ìṣòro: inú táńkì ló wà, ó sì ní ìwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí kápútéènì kò fi mú ojú kúrò lára mi nígbàkígbà tí mo bá ń fọ abọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi omi òkun ṣan ọ̀rá kúrò, kí n tó fi ìwọ̀nba omi táńkì fọ̀ ọ́. Ọmọ Èkó tó ti pọnmi gun àtẹ̀gùn rí kò yẹ kó gba ẹ̀kọ́ yẹn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ti kẹ́ mi bà jẹ́.

Norman Island la sùn sí, ní èbúté kan tí wọ́n ń pè ní The Bight, tí òkè yí ká débi pé omi ibẹ̀ kì í sábà rú. Kí oòrùn tó yọ tán, àwọn ẹyẹ òfú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹyẹ gàgàrà ni òfú, àpò awọ kan sì wà lábẹ́ àgógó rẹ̀. Á fò lọ sókè, á wo ìsàlẹ̀, á pa ìyẹ́ pọ̀, á sì já wọ inú omi gbàmù. Nígbà tó bá máa gbérí, àpò náà á ti kún fún omi àti ẹja pọ̀. Kò lè gbé ẹja mì àfi bó bá kọ́kọ́ dẹ orí kí omi ṣàn jáde. Àkókò yẹn gan-an ni ẹyẹ òkun kékeré kan tí orí rẹ̀ dúdú máa wá bà lé e lórí, lórí agbárí rẹ̀ gan-an o, á sì dúró de ẹja tó bá yọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òfú kò lè ṣe é ní nǹkan kan, torí bó bá lanu pẹ́nrẹ́n, oúnjẹ á lọ. Mo jókòó síwájú ọkọ̀, mò ń wò wọ́n títí tíì mi fi tutù. Bàbá Ìbejì ní ẹyẹ kejì yẹn jọ alága ẹgbẹ́ kan tí òun mọ̀.

Ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pọ̀, kò sì sí èyí tó ju ìdákọ̀ró nínú wọn. Bọ́ọ̀lù ńláńlá ló léfòó káàkiri, okùn so kálukú wọn mọ́ ohun tó wúwo tí wọ́n ti rì mọ́ ilẹ̀ òkun. Ọkọ̀ tó bá dé á na ọ̀pá gígùn mú okùn orí bọ́ọ̀lù, á so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí ni pé bí ìdákọ̀ró bá ń wọ́ nílẹ̀, á fa koríko òkun tu, á sì fọ́ iyùn tí kì í tètè hù. Ní àwọn ibi tó jẹ́ ọgbà ìjọba, àwọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń sọ ẹni tó ni ín: pupa wà fún ẹni tó kàn fẹ́ dúró lọ́sàn-án, yẹ́lò wà fún ilé-iṣẹ́ tó ń kó àwọn olùmùwẹ̀ wá, funfun wà fún ọkọ̀ aládàáni tó fẹ́ mùwẹ̀, búlúù wà fún ọkọ̀ onírọ́bà kéékèèké. Ẹ kò gbọdọ̀ so ọkọ̀ mọ́ ìkankan nínú wọn mọ́jú.

A kọ́kọ́ fi ọkọ̀ onírọ́bà lọ wo àwọn ihò inú àpáta tó wà lẹ́nu èbúté. Ìtàn owó ló mú káwọn èèyàn máa lọ síbẹ̀. Ní 1750, ìjì ba ọkọ̀ Spain kan tó ń jẹ́ Nuestra Señora de Guadalupe jẹ́, ó sì forí lé etíkun North Carolina. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, Owen Lloyd, ọmọ Wales, gbé ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà sá lọ tòun ti fàdákà inú rẹ̀, ó sì wá rì í mọ́lẹ̀ ní Norman Island. Ó rò pé òun gbọ́n ni. Kò pẹ́ táwọn ará Tortola fi gbọ́, wọ́n gbé ṣọ́bìrì, wọ́n lọ hú u. Kò sí ẹni tó máa gbà fún yín níbẹ̀ pé kì í ṣe ìtàn yìí ni òǹkọ̀wé Stevenson gbọ́ tó fi kọ ìwé Treasure Island. Inú ihò náà kò ní nǹkan kan mọ́ ju ẹja wẹ́wẹ́ lọ, ó tutù, ó sì ṣókùnkùn. Mi ò pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo pẹ́ sí ni The Indians. Àpáta mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n yọrí ṣóńṣó sókè láàárín omi, kò sí ilé, kò sí iyanrìn, kò sí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọjà wà. Mo fi fìlà rọ́bà bo irun tí mo dì ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo gbé awò sójú, mo ti ọ̀pá ìmí bọ ẹnu, mo sì rọra sọ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Omi ibẹ̀ mọ́ débi tí mo fi rí òjìji ara mi lórí iyùn nísàlẹ̀. Iyùn kan wà tó wé mọ́ra kọ́lọkọ̀lọ bí ọpọlọ èèyàn, iṣẹ́ mi sì ti jẹ́ kí n mọ bí ìyẹn ṣe rí. Òmíràn rí pẹrẹsẹ, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àlùkò, omi ń fì í síwá sẹ́yìn. Ẹja aláwọ̀ búlúù rọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò wo ojú mi.

Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹja kan ń jẹun. Mo ń gbọ́ ohun kan tó ń dún kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Mo wẹ̀ lọ síbi tí ohùn náà ti ń wá, mo bá rí ẹja kan tó gùn tó apá mi, àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ pupa lára rẹ̀, eyín rẹ̀ sì so pọ̀ di àgógó. Iyùn ló ń gé jẹ. Ewédò tó hù sára iyùn ló ń wá, àmọ́ ó ń lọ òkúta mọ́ ọn; ohun tí kò lè dà nínú rẹ̀ á sì yà á síta bí iyanrìn. Ó ṣe é lójú mi, èéfín funfun kan rọra tú sínú omi. Iyanrìn funfun báláú táwọn èèyàn ń wọkọ̀ òfuurufú wá tẹ́ aṣọ ìnura lé, inú ẹja yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Nígbà tí mo gòkè tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Ìbejì, tó wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó sí ìdí àtẹ̀gùn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń di irin mú, ó ní òun ò ní jókòó sórí iyanrìn mọ́.

Ó tó àsìkò tí a máa ta ìgbòkun. Láti Norman dé Cooper, ibi tí a fẹ́ sùn, kò tó 20 kìlómítà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì á sá a láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwa lo púpọ̀ nínú ọjọ́ náà, torí pé ìlà-oòrùn ni Cooper wà, ìlà-oòrùn náà sì ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan o. Oòrùn máa ń mú ilẹ̀ àti omi àárín ayé gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè. Èyí tó tutù ní àríwá á ṣàn wá dí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe ń yí, kò ní jẹ́ kó wá tààrà, á yà á sí ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ọdún dé ọdún, apá ìlà-oòrùn kan náà ló ti ń fẹ́ wá sí Tortola. Òun ló gbé Columbus débẹ̀. Òun náà ló ń gbé ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú láti etíkun wa kọjá Àtìláńtíìkì.

Kápútéènì pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo nǹkan dákẹ́ lójijì, ó wá kù okùn tó ń dún lára òpó àti omi tó ń ṣàn lábẹ́ wa. Ó ní kí n wá di ìtọ́kọ̀ mú. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo ti gbé láti Ẹ̀bùté Mẹ́tta. Ó yọ ìwé kan nínú àpò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kọ́ròkọ́rò, ó sì fẹ́ atẹ́gùn kọjá lórí rẹ̀. Kàkà kí ìwé náà wálẹ̀, ó gbéra sókè. Ó ní ìgbòkun kò yàtọ̀: bó bá ti tẹ̀ kọ́ròkọ́rò, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá máa ń yára ju ti iwájú lọ, ìyẹn á sì máa fa ọkọ̀. Ó fẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ohun tó yọ wọ omi lábẹ́ ikùn ọkọ̀ kò ní gbà kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà tó kù fún un kò ju iwájú lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè lọ sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, bí kò bá ṣáà ti kọjú sí i gan-an. Á fi apá ọ̀tún kọ̀ ọ́ lọ díẹ̀, á yí, á tún fi apá òsì kọ̀ ọ́ lọ díẹ̀, títí tó fi máa dé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lọ: a sún mọ́ Tortola, a yí, a sún mọ́ Peter Island, a yí. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ yí, kápútéènì á ké sí wa, ìgbòkun iwájú á gbọn pàpàpà, Bàbá Ìbejì á tú okùn kan, èmi á máa wé èkejì mọ́ irin tí wọ́n fi ń fà á títí tó fi le gbọnran. Atẹ́lẹwọ́ mi pọ́n. Kò sí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé fàájì lágbára báyìí, ó sì tù mí lára ju kí n sùn sínú oòrùn lọ.

Ìgbà tí Bàbá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀ lọ wá fóònù rẹ̀ ni òòyì kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu iṣẹ́ mi sọ èyí fún yín. Omi díẹ̀ wà nínú etí wa lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá a dúró tàbí a ń mì. Bí èèyàn bá wà nínú yàrá ọkọ̀, ojú rẹ̀ ń wo ògiri, ó ń ní kò sí nǹkan tó ń mì; etí rẹ̀ ń ní irọ́ ni. Ọpọlọ kò mọ ta ni kó gbà gbọ́, ló bá kó ìjà náà lọ bá ikùn. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí onítọ̀hún gòkè wá síbi afẹ́fẹ́, kó máa wo ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé, kí ojú àti etí rẹ̀ lè sọ ohun kan náà. Ata ilẹ̀ dára fún un. Oògùn tí wọ́n ń tà wà pẹ̀lú, àmọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lẹ mu ún, torí bí èèyàn bá ti ń bì, kò ní dúró nínú rẹ̀. Mo fún un ní ata ilẹ̀ jẹ, ó bú mi díẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

Nígbà tí a tún sún mọ́ Tortola, kápútéènì na ọwọ́ sí ìlú kékeré kan létí omi, ó ní Kingstown nìyẹn. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ará Áfíríkà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn lọ tà, wọ́n sì kó díẹ̀ nínú wọn wá sí Tortola. Wọn ò sọ wọ́n di òmìnira lójú ẹsẹ̀ o. Wọ́n ní kí wọ́n máa sin àwọn olóko fún ọdún púpọ̀ bí ọmọ iṣẹ́. Ní 1831 ni wọ́n tó fún wọn nílẹ̀ ní Kingstown. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ fún wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní St. Philip's, ògiri rẹ̀ ṣì dúró, òrùlé ló ti lọ. Ìsìn ẹrú fúnra rẹ̀ kò dópin ní gbogbo erékùṣù náà àfi ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 1834, ìrántí ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún wọn tó tóbi jù títí dòní. Bàbá Ìbejì bọ́ fìlà rẹ̀ bí a ṣe ń kọjá. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí a fi yí ọkọ̀ padà.

Díẹ̀ síwájú, kápútéènì fi Paraquita Bay hàn wá. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kó ọkọ̀ wọn pa mọ́ sí bí ìjì bá fẹ́ jà, torí ó jìn wọ inú ilẹ̀, igbó sì yí i ká. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, 2017, ìjì Irma dé, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sá ní nǹkan bí 285 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó kó àwọn ọkọ̀ inú Paraquita Bay lé ara wọn lórí. Kápútéènì ní òun rí ọkọ̀ tó dojú dé lórí ọkọ̀ tó dojú dé. Òrùlé ilé tirẹ̀ náà lọ. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì níbẹ̀, ọkọ̀ sì máa ń dínwó nígbà náà. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ló dára jù, àmọ́ lásìkò Kérésì afẹ́fẹ́ lè le.

A dúró ní Salt Island láti jẹun ọ̀sán. Mi ò rí ibi tó ṣe mí ní kàyéfì tó o. Erékùṣù kékeré kan ni, adágún omi iyọ̀ wà láàárín rẹ̀, kò sì jìnnà sí etí òkun. Nígbà ẹ̀rùn, oòrùn á fa omi adágún náà gbẹ, iyọ̀ á dì sí etí rẹ̀. Àwọn èèyàn gbé ibẹ̀ rí, wọ́n ń kó iyọ̀ náà tà fún àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ wọn ló pa mí lẹ́rìn-ín: àpò iyọ̀ kan ṣoṣo, tó wọn pọ́n-ùn kan, ni wọ́n ń san lọ́dún fún adé Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tó kù níbẹ̀ ti di ahoro, ewúrẹ́ ló kù tó ń jẹ̀ káàkiri. Mo tẹ̀ ba létí adágún, mo fi èékánná họ nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ òkúta, mo fi kan ahọ́n. Ó le ju iyọ̀ inú ike lọ, ó sì korò díẹ̀ lẹ́yìn. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń sọ fún àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, mo wá dúró níbẹ̀, mo tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni RMS Rhone rì sí. Ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà àti èrò ni, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sómi ní 1865, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì lágbára gan-an fún ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1867, ó so mọ́lẹ̀ ní Great Harbour, Peter Island, nígbà tí ìjì dé. Ìjì náà jà, ó sì dáwọ́ dúró. Kápútéènì rẹ̀ mọ̀ pé ojú ìjì ló wà lórí àwọn, pé ìdajì tó kù ń bọ̀, ó fẹ́ sá jáde sójú òkun gbalasa. Ìdákọ̀ró há mọ́ iyùn, wọ́n ní láti já a sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ Salt Island, ìdajì kejì dé láti apá kejì, ó sì gbé ọkọ̀ náà lu Black Rock Point. Omi òkun tútù dé ibi ìgbóná ẹ̀rọ, ó bú gbàù, ọkọ̀ ya sí méjì. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n sin sí Salt Island; òkúta tí wọ́n tò sórí sàréè wọn ṣì wà níbẹ̀. Àwa ò mùwẹ̀ débi tí ọkọ̀ náà wà. A kàn léfòó lókè rẹ̀, níbi tí kò ti jìn púpọ̀, mo sì rí irin ńlá kan tó nà sísàlẹ̀ tí iyùn ti bò, ẹja ń wọlé, ẹja ń jáde. Àwọn olùmùwẹ̀ ní ṣíbí fàdákà kan wà níbẹ̀ tí iyùn ti hù dì mú, fèrèsé róbótó onídẹ kan sì wà tí wọ́n máa ń fọwọ́ pa kí oríire lè bá wọn.

A dé Cooper nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀. Manchioneel Bay ni wọ́n ń pe èbúté ibẹ̀, orúkọ igi kan ló sì ń jẹ́. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì: igi yẹn lóró. Ó ní ewé tútù yọ̀yọ̀, èso rẹ̀ rí róbótó bí ápù kékeré, ó sì ń ta sánsán. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ á bó. Oje rẹ̀ tó funfun ń mú kí awọ ara léròrò, bí òjò bá sì ń rọ̀, omi tó ń kán láti ara ewé rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á rí ibòòji, wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí igi náà. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní.

Nínú omi èbúté náà, koríko gùn nísàlẹ̀, àwọn ìjàpá òkun sì ń wá jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan gbérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa, ó mí fùú bí àgbàlagbà tó gun òkè, ó sì tún wọlé lọ. Kápútéènì gbé ìkòkò kaná. Fungi ló sè, oúnjẹ ibẹ̀ gan-an: ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ ilá títí tó fi dì, ọbẹ̀ ẹja ló sì fi tì í. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun. Ó fún Bàbá Ìbejì ní fọ́ọ̀kì. Bàbá Ìbejì wò ó, ó wò mí, ó gbé fọ́ọ̀kì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde lọ fọ ọwọ́. Nígbà tí kápútéènì rí i bó ṣe ń bù ú, ó rẹ́rìn-ín sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, ó sì gbé fọ́ọ̀kì tirẹ̀ náà kalẹ̀.

Virgin Gorda ló kàn ní ọjọ́ kejì, níbi tí wọ́n ń pè ní The Baths. Àpáta olókùúta líle ló kóra jọ sí etí òkun ibẹ̀, òmíràn tóbi ju ilé lọ, omi òkun sì wà láàárín wọn téèyàn lè máa wọ́ kọjá. Abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta náà ti dì nígbà láéláé, ó sán, òjò àti afẹ́fẹ́ wá bó etí rẹ̀ títí tó fi di róbótó. Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í ká ọkọ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà a ní láti tètè gbéra. Àsíá ni wọ́n fi ń sọ bí omi ṣe rí: àwọ̀ ewé, ẹ máa bọ̀, yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra, pupa, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Ìbejì ní bí kò bá ti jẹ́ àwọ̀ ewé, inú ọkọ̀ lòun máa wà, òun á máa jẹ fungi tó kù. Mi ò dá a lóhùn. Mo ti sá láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí okùn kó lè gbẹ dàárọ̀.